Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé, Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Ọdún iṣu, tí ẹnu àwọn ará Atakpamé ń pè ní Odon-Tsu, tún ti yí po. Iṣu tuntun ti dé orí àwo, ọbẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Datcha, ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ yẹn kò ti ọjà wá. Ẹ̀yìnkùlé ló ti wá. Ó kọ láàárọ̀ ìjẹta, wọ́n mú un lálẹ́ àná. Ọ̀rọ̀ adìẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ òní.

Kì í ṣe adìẹ òyìnbó tí wọ́n ń kó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú ilé gígùn, tí ìyẹ́ gbogbo wọn funfun bákan náà. Adìẹ ìbílẹ̀ ni, mẹ́jọ níbí, méjìlá lọ́hùn-ún, tí ń jẹ̀ káàkiri ààtàn, tí ẹnikẹ́ni kì í kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí wọ́n bá dárúkọ Datcha, ilé-iṣẹ́ aṣọ ni àwọn ará Togo yòókù máa ń kọ́kọ́ rántí. Adìẹ kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, agboolé tí kò ní ẹnì kan nílé-iṣẹ́ pọ̀ jántìrẹrẹ. Èyí tí kò ní adìẹ kankan ló ṣòro láti rí.

Àwọn àgbà tó jókòó síbí mọ ìtàn náà. Omi ló bo ojú ayé, wọ́n ta ẹ̀wọ̀n sọ̀kalẹ̀ láti òde ọ̀run, wọ́n da erùpẹ̀ sórí omi, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tan án títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tú orúkọ Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ tó wà ní Datcha, ní Atakpamé àti káàkiri agbègbè Ogou ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba wọn ti ṣí wá, nítorí náà ìtàn adìẹ yìí kì í ṣe ìtàn àlejò fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó ka ìka ẹsẹ̀ adìẹ rẹ̀ tó bá délé. Mẹ́rin ni yóò bá. Onííka márùn-ún wà láyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n fẹ́ rán an, wọ́n sì yan èyí tí irinṣẹ́ rẹ̀ lé kan.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní tiwọn sọ pé inú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni adìẹ ti wá. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2022 sọ pé ní Thailand, ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ènìyàn gbé, pé oko ìrẹsì ló fà á jáde nínú igbó. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn awalẹ̀pìtàn hú eegun rẹ̀ ní Kirikongo, ní Burkina Faso. Ìtàn méjèèjì kò bá ara wọn jà. Oúnjẹ ló mú adìẹ wá sọ́dọ̀ ènìyàn, oúnjẹ náà ló sì dá a dúró di òní.

Bí ọjọ́ ṣe ń rí lẹ́yìnkùlé, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á sọ ọ́, nítorí inú ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni òfò máa ń fara pamọ́ sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àkùkọ kan á kọ, òmíràn á dá a lóhùn. Àwọn onímọ̀ kan ní Jàpáàn fara balẹ̀ wo èyí, wọ́n sì fi hàn ní 2015 pé àkùkọ tó jẹ́ olórí láàárín agbo ló máa ń kọ́kọ́ kọ, tí àwọn yòókù á tẹ̀ lé e bí ipò wọn ti tò. Àwọn ìjòyè tó wà lórí ìjókòó níbí kò ní í bá àkùkọ jiyàn lórí ìyẹn.

Ìyá ilé á ṣí ẹnu agọ̀, tàbí kó dúró sábẹ́ igi máńgòrò kí àwọn tó sùn sórí ẹ̀ka bọ́ sílẹ̀. Á ju ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan tàbí èérí sílẹ̀. Oúnjẹ gidi kọ́ nìyẹn, ìpè ni. Ó fẹ́ kí wọ́n kó ara wọn jọ kí ó lè kà wọ́n. Ojú rẹ̀ máa ń sáré: dúdú, pupa, òpìpì, aṣa tí ìyẹ́ rẹ̀ yí pọ̀, èyí tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ìyá ọlọ́mọ mẹ́sàn-án. Bí ọlọ́mọ mẹ́sàn-án bá ti di ọlọ́mọ mẹ́fà, ojú rẹ̀ á lọ sókè wo òfuurufú, á sì padà wo ológbò aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ wọn. Wọ́n á túká lọ sí ààtàn, sí ìdí ọlọ, sí ibi tí wọ́n ti ń gé gbágùúdá, sí àgbàlá onílé kejì. Omi wọn wà nínú àpáàdì lábẹ́ òjìji, bí ọmọdé bá rántí bù ú sí i.

Wọ́n máa ń fi adìẹ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò léyín. Òkúta yẹn gan-an ni eyín rẹ̀. Inú iwe ló ń kó o sí, ibẹ̀ ló ti ń lọ ọkà kúnná. Adìẹ tí wọ́n bá há mọ́ ilé onísìmẹ́ǹtì láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò rí òkúta wẹ́wẹ́ ṣà, á jẹ àgbàdo yó, kò sì ní í rí èrè rẹ̀ tán. Ẹni tó bá ń há adìẹ rẹ̀ mọ́lé nítorí olè, kí ó máa bu yanrìn gbígbẹ fún un.

Ó yẹ kí á bi ara ẹni pé ta ló ni wọ́n. Ewúrẹ́ àti àgùntàn sábà máa ń jẹ́ ti baba, ṣùgbọ́n nínú agbo adìẹ, ti ìyá wà níbẹ̀, ti ìyá àgbà wà níbẹ̀, ti ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé àgbébọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá fún un ni ohun ìní àkọ́kọ́ tó ní láyé. Bí kò bá sì ní ibi tí yóò sìn ín, á gbé e fún ẹlòmíràn ní àgbàsìn, wọ́n á máa pín ọmọ rẹ̀. Òpó ńlá ni àgbàsìn yìí jẹ́. Opó tí kò ní nǹkan kan lè fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá fi tó ọdún kan ààbọ̀ ó ti ní tirẹ̀.

Ohun tí adìẹ ń ṣe nílé, ewúrẹ́ kò lè ṣe é. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, wọn kì í ta ewúrẹ́ nítorí oògùn ibà. Ewúrẹ́ tóbi jù. Àgbàdo ńkọ́? Wọ́n lè ti tà á tán. Adìẹ ló ṣe é mú lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, kó sì ti di owó kí oòrùn tó mú. Òun ni wọ́n fi ń gba àlejò, òun ni wọ́n fi ń bẹ àna, òun ni wọ́n fi ń tu orí àti egúngún lójú, òun ló ń ṣáájú òkú gẹ́gẹ́ bí adìẹ ìrànà. Ní oṣù Kẹsàn-án, tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń wọlé, ẹ lọ wo ọjà: apẹ̀rẹ̀ tó kún fún adìẹ lójú ọ̀nà yẹn, ìwé àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kan lè sàba lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ká ní ó sàba lé ẹyin méjìlá lẹ́ẹ̀kan, kí mẹ́wàá sì pa. Ọgbọ̀n ọmọ nìyẹn. Ká ní ìdajì kú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Ká sì ní ẹyọ kan jẹ́ 3,000 sẹ́fà. Àgbébọ̀ kan ṣoṣo, tí kò jẹ ju èérí àti kòkòrò lọ, ti mú 45,000 wọlé lọ́dún kan. Ẹni tó bá ní mẹ́rin ńkọ́? Ní báyìí, kí àwọn ìyá tó wà níbí sọ òótọ́: mélòó nínú wọn ló ti rí owó yìí rí? Ìṣirò náà kò lábùkù lórí ìwé. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń bàjẹ́.

Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyin. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin adìẹ fi ń pa, ti awó máa ń tó ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí méjìdínlọ́gbọ̀n, ti pẹ́pẹ́yẹ ilé máa ń tó ọjọ́ márùndínlógójì. Àwọn ìyá mọ èyí, nítorí adìẹ náà ni wọ́n ń gbé ẹyin awó fún láti sàba lé, torí pé awó kì í fi ọkàn jókòó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kó ẹyin awó àti ẹyin adìẹ pọ̀ sábẹ́ ìyá kan lọ́jọ́ kan náà. Bí ọmọ adìẹ bá ti pa, ìyá á dìde bá wọn lọ, ti awó á sì tutù nínú ikarahun. Ẹni tó bá fẹ́ pò ó, kí ó kọ́kọ́ fi ti awó sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tó fi ti adìẹ kún un.

Ẹyin tó ti pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ kí adìẹ tó sàba, jíjẹ ló yẹ ẹ́. Ní ọjọ́ keje sí ìkẹjọ, kí ìyá gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan sójú iná tọ́ọ̀ṣì lóru. Bí ó bá rí iṣan pupa tó ta bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, ọmọ wà níbẹ̀. Bí ó bá mọ́ gaara, kò sí nǹkan kan. Kí ó yọ ọ́ kúrò, nítorí ẹyin tó bá bàjẹ́ tó sì bẹ́ á ba ti àwọn yòókù jẹ́. Eérú díẹ̀ nísàlẹ̀ ìtẹ́, lábẹ́ koríko, máa ń lé àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ìyá. Kòkòrò yìí ló máa ń jẹ́ kí àgbébọ̀ sá kúrò lórí ẹyin ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n á wá máa sọ pé ayé ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn tó bá pa, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ọ̀nà jíjìn jù lọ. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Áfíríkà tí wọ́n ti kà á, ó ju ìdajì òròmọdìẹ lọ tó ń kú kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà tó pé. Òtútù, òjò, àwòdì, ejò, ológbò, ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn, ebi. Àwọn kan máa ń pa ọmọ adìẹ láró, pupa tàbí ewéko, kí àwòdì má bàa mọ̀ ọ́n. Ó máa ń gbà á lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó dára jù ni kí ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ agọ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ bá wọn níbẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ á wá di iṣẹ́, nítorí èérí nìkan kì í tọ́ ọmọ adìẹ. Ó nílò ẹran.

Ikán sì ni ẹran náà. Kò sí ìwé tó kọ́ àwọn àgbà lóko bí wọ́n ṣe ń mú un: wọ́n á kó pòròpórò àgbàdo tàbí koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù sínú ìkòkò, wọ́n á bu omi wọ́n ọn, wọ́n á dojú ìkòkò náà dé sórí ihò ọ̀gán tàbí ojú ọ̀nà ikán, wọ́n á fi nǹkan bò ó kí oòrùn má gbẹ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ikán ti kún un. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n síwájú òròmọdìẹ, eré ló sì ń dà. Ní 1991 àwọn onímọ̀ mẹ́ta kọ ìwé ìwádìí lórí ọgbọ́n yìí gan-an, lórí bí àwọn ará abúlé ní Togo ṣe ń fi ìkòkò kó ikán fún adìẹ wọn. Wọ́n ń kà á kiri àgbáyé báyìí. Ó wá ku kí àwọn ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ Lomé dé má ṣe fi baba wọn tó ń gbé ìkòkò lọ sídìí ọ̀gán ṣe ẹ̀sín.

Fífìtì Lomé náà kò sùn. Ní 2014 ni Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í ran ibùdó ìmọ̀ nípa ẹyẹ ọ̀sìn, CERSA, lọ́wọ́ nínú fásitì náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà sì ń wá kàwé níbẹ̀. Ohun kan tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ọ̀sìn fi ara mọ́ ni pé kí á má ṣe kórìíra adìẹ olọ́rùn ìhòòhò àti aṣa. Ojú wọn kò fa ènìyàn, àwọn oníbàárà máa ń yọwó lórí wọn, ṣùgbọ́n ìyẹ́ tí kò pọ̀ lára wọn jẹ́ kí wọ́n lè fara da ooru ju àwọn arẹwà lọ.

Gbogbo èyí, ọwọ́ ìyá ilé kan tó. Ohun tí ọwọ́ ẹnì kan kò tó ló kù, òun náà sì ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wáyé níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn aláṣẹ dípò kó wáyé nídìí ààrò.

Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, adìẹ kan á yọ ara rẹ̀ sẹ́yìn nínú agbo. Ìyẹ́ apá rẹ̀ á wọ́ nílẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ á di ewé tútù. Á máa ya ẹnu mí. Ọrùn òmíràn á lọ́ dé ẹ̀yìn, á máa yí po lójú kan bí ẹni tó mutí. Lọ́jọ́ kejì mẹ́ta ti kú, nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá fi parí agọ̀ ti dá páropáro. Láti ilé kan dé èkejì, títí tí odindi àdúgbò kò fi ní gbọ́ kíkọ àkùkọ. Ẹni tó ní ogún adìẹ ní ọdún iṣu lè má ní ju méjì lọ kí àgbàdo tuntun tó hù. Ọdọọdún ni èyí ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé púpọ̀ láti Sẹnẹgà dé Kamẹrúùnù, ó sì ti pẹ́ débi pé wọ́n ti ń kà á mọ́ ojú ọjọ́, bí ẹni pé ọyẹ́ ló ń pa adìẹ.

Ọyẹ́ kọ́. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ni. Àwọn dókítà ẹran ń pe àrùn náà ní Newcastle, nítorí pé ìtòsí ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀, lọ́dún 1926 sí 1927. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Èèpo ọ̀gánwó tí wọ́n ń rẹ sínú omi adìẹ, ata, àlùbọ́sà, hóró oògùn ènìyàn tí wọ́n ń fọ́ sí i, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, ara tiwọn ló gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n àjẹsára tó ń dènà rẹ̀ wà, ó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì wọ́n tó adìẹ kan.

Kí ló wá dé tí adìẹ ṣì ń kú? Ohun àkọ́kọ́ ni ìgò. Adìẹ ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìgò àjẹsára kan fún, bí wọ́n bá sì ti ṣí èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi, wákàtí díẹ̀ ló ní. Ìyá tó ní adìẹ mẹ́jọ kò lè ra ìgò ọgọ́rùn-ún. Dókítà ẹran kò sì lè gun alùpùpù láti Atakpamé wá nítorí adìẹ mẹ́jọ. Olúkúlùkù wọn kò jẹ̀bi, adìẹ sì kú.

Ohun kejì ni ooru. Ọ̀pọ̀ àjẹsára ń fẹ́ kí wọ́n wà nínú fìríìjì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é títí dé ojú adìẹ. Lórí ìyẹn, ìrànlọ́wọ́ ti dé láti ọ̀nà jíjìn: ní Fásitì Queensland, ní Ọsirélíà, wọ́n ṣe oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní I-2, tó lè fara da ooru ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí adìẹ abúlé gan-an ni wọ́n sì ṣe é. Mòsáńbíìkì àti Tànsáníà ti lò ó gan-an, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ní Vom, ní Nàìjíríà, náà sì ń ṣe é. Ojú ni wọ́n ń kán an sí, ẹ̀kán kan ṣoṣo, kí wọ́n tún un ṣe ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ abẹ́rẹ́. Èyí tí dókítà ẹran tó wà nítòsí bá ní lọ́wọ́ ni kí wọ́n bá a sọ.

Ohun kẹta ni ìbẹ̀rù, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì yẹ kí á sọ ọ́ láìfi bò. Àwọn ìyá kan wà tí wọ́n ń sọ pé wọ́n gún adìẹ àwọn lábẹ́rẹ́, tí gbogbo rẹ̀ sì kú lọ́sẹ̀ kan náà. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Bí àrùn yìí bá wọ ara adìẹ, ó lè tó ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó hàn. Bí wọ́n bá dúró títí ikú fi dé ilé aládùúgbò kí wọ́n tó lọ pe dókítà, adìẹ tí ojú ń rí bí alálàáfíà ti ní in lára. Àjẹsára kò sì í dáàbò bo adìẹ lọ́jọ́ tí wọ́n fún un. Ó ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó ń mú adìẹ láti ilé dé ilé lè máa gbé àrùn náà kiri pàápàá. Àjẹsára kọ́ ló pa wọ́n. Ìpẹ́ ni.

Ohun kẹrin ló le jù, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Bí adìẹ méjì bá ti ń tòògbé, onílé á sáré kó àwọn tó kù lọ sọ́jà kí wọ́n má bàa kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ta ni yóò bá a wí? Owó ilé ẹ̀kọ́ ló wà lára wọn. Ẹni tó rà á gbé e lọ sí abúlé rẹ̀, ó dà á mọ́ àwọn tirẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan òun náà ti wà lójú ọ̀nà ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ṣe ń tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà láti ìlú dé ìlú, bí oníṣòwò tó mọ ọ̀nà. Èyí tó bá sì kú, wọ́n á ju ìfun àti ìyẹ́ rẹ̀ sórí ààtàn, níbi tí àwọn tó yè ti ń jẹ̀. Ìfun àti ìyẹ́ yẹn, sísin jíjìn tàbí sísun ló yẹ ẹ́. Adìẹ tí wọ́n bá rà wálé tàbí tí àlejò bá mú wá ṣọdún, tí wọn kò pa, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bá àwọn onílé jẹ̀.

Ó yẹ kí á dárúkọ àrùn kejì, nítorí àwọn aláṣẹ. Ní 2006 ni àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 wọ Nàìjíríà, ní oṣù Kẹfà 2007 ó dé Togo, ní Sigbéhoué lẹ́bàá Aného. Èyí lè mú ènìyàn, ó sì lè pa á. Ikú òjijì tó bá pọ̀ láàárín adìẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí onílé máa dá pa mọ́ra; kí ó ránṣẹ́ sí olórí àdúgbò lọ́jọ́ náà, kí ó má sì fọwọ́ lásán kó òkú wọn. Ìkọ̀ọ̀kan tí ìjọba bá ti wá ṣàyẹ̀wò ni wọ́n á mọ èwo ni èwo.

Adìẹ oníyìnyín ń wọlé láti Yúróòpù àti Bùràsíílì, ẹ̀ẹ́pà owó ni wọ́n sì ń tà á. Sẹnẹgà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní 2005, nígbà tí wọ́n ń sá fún àrùn ẹyẹ, wọn kò sì tíì ṣí i padà. Ohun tí Togo yóò ṣe lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ Lomé ni. Ohun tí Datcha lè ṣe kò ní í dúró de Lomé.

Adìẹ tó wà nílé mẹ́wàá, bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ní mẹ́wàá, ti tó ìgò kan. Kí olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, nítorí òun ni wọ́n á jẹ́ kó wọ ẹ̀yìnkùlé. Kí wọ́n kọ iye adìẹ ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọdún yìí, kí wọ́n gba owó rẹ̀ ṣáájú, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá èésú. Kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú kó iye gbogbo rẹ̀ jọ, kí wọ́n mú un lọ bá dókítà ẹran kí oṣù Kẹwàá tó parí. Nígbà yẹn, adìẹ mẹ́jọ kọ́ ni wọ́n ń pè é sí mọ́. Kí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó fẹ́, kí gbogbo àdúgbò sì ṣe é láàárín ọjọ́ méjì, nítorí agọ̀ kan tí wọ́n fò dá tó láti dá àrùn padà sáàárín àwọn òròmọdìẹ tuntun. Kí wọ́n tún un ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè máa kọ èyí tó yè àti èyí tó kú sínú ìwé, kí ó fi lè ṣe é kà níwájú ìlú ní ọdún iṣu tó ń bọ̀, ilé mélòó ló ṣe é, mélòó ni kò ṣe é, adìẹ mélòó ló kù lọ́dọ̀ ìkíní àti lọ́dọ̀ ìkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé adìẹ òun le láti mú. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n má ṣí ẹnu agọ̀ kí àwọn méjì náà tó dé. Àkùkọ tó ń sùn lórí igi máńgòrò, kí wọ́n lọ bá a lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá fi iná tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, kò ní í kúrò lójú kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá á sì mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì láìsí ariwo.